Òróró tí mò ń fín sábẹ́ mọ́tò kó má baà dógùn-ún, ọdún méjì rèé

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó ti pé ọdún méjì tí mo ti ń fín òróró tí wọ́n fi ọ̀rá irun àgùntàn ṣe sábẹ́ mọ́tò mi, mo wá lè sọ ọ́ báyìí pé ó dáa, ó dáa gan-an ni, ó sàn ju kóòtì dúdú tí wọ́n ń kùn sábẹ́ mọ́tò, tó máa ń le bí ọ̀dà, tí mo kọ́kọ́ lò lọ fíìfíì.

Kóòtì dúdú yẹn, lójú, ó rẹwà. Abẹ́ mọ́tò á dúdú minimini bíi tuntun. Àmọ́ tó bá gbẹ tán, tí òkúta títì ń ta bà á, á sán, omi á gbabẹ̀ wọlé, kò sì ní rọ́nà jáde mọ́. Ibì kan wú díẹ̀ lára ṣásí lọ́jọ́ kan, mo fi sukurudiráfà tẹ̀ ẹ́, ṣe ló wọlé gbúù, omi pupa rọ́ọ̀sì sì ṣàn sí mi lọ́wọ́. Irin ti jẹ tán lábẹ́ ibi tó ń dán. Ó dùn mí wọra, ọ̀dọ̀ wẹ́dà ni mo parí ẹ̀ sí.

Ti irun àgùntàn yìí kì í gbẹ, ibẹ̀ gan-an lọgbọ́n ẹ̀ wà, torí tí nǹkan bá fara ha á, á rọra fà padà bo ojú ibẹ̀, á sì yọ́ wọ ibi tí irin méjì ti pàdé tí búrọ́ọ̀ṣì ò lè dé. Ṣẹ́ ẹ rí i, omi àti atẹ́gùn ló ń jẹ irin, iyọ̀ ló tún máa ń lé e sáré (ẹni tó ń gbé lẹ́bàá òkun mọ̀ ọ́n). Bóòtì kan wà lẹ́yìn taya tí mo fín dáadáa, mo fi sípánà kàn án lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀ẹ̀kan ló yí, ojú ẹ̀ ṣì ń dán. Ìkejì ẹ̀ tí mo gbàgbé lódìkejì, gígé la gé e.

Ó láléébù o. Ó ń rùn bí àgùntàn fún bí ọ̀sẹ̀ kan, iyẹ̀pẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ ọn, ọdọọdún lẹ sì máa tún un fín torí omi á máa fọ̀ ọ́ lọ díẹ̀díẹ̀. Àwọn kan nínú irú òróró yìí tún lè mú rọ́bà wú, kẹ́ ẹ yáa nù ún kúrò lára rọ́bà.

Ẹ fọ abẹ́ mọ́tò, kó gbẹ dáadáa, kẹ́ ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì oníwáyà họ rọ́ọ̀sì tó ń ṣí kúrò. Ẹ lo páìpù tín-ínrín tó ń fín yíká fún inú ilẹ̀kùn, ẹ má dí ihò tí omi ń gbà jáde nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn o! Bíréèkì ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó kàn án rárá, mọ́tò ò ní dúró. Sàlẹ́ńsà náà, èéfín ló máa rú.

Àwọn tó ń fi WD-40 (òróró fífín inú agolo) ṣe é, láti 1953 ló ti wà, lílé omi ni orúkọ ẹ̀ túmọ̀ sí, ó dáa fún nọ́tì tó gan, ṣùgbọ́n ó fẹ́lẹ́ jù fún abẹ́ mọ́tò tó ń wọ omi lójoojúmọ́.

Ẹni tó bá ti ní kóòtì dúdú tẹ́lẹ̀, ẹ má kàn fín èyí lé e lórí, ẹ kọ́kọ́ fi hámà kékeré gbá a wò díẹ̀díẹ̀, ibi tó bá dún bí ohun tó ṣófo, ẹ họ ọ́ kan irin.