Aṣòfin Àná Tàbí Ọmọ Ẹgbẹ́: Ta La Máa Rán Lọ Sábùjá?

Ká ní àwọn awakọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ fẹ́ bẹ ìjọba àpapọ̀ nítorí ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, tí iṣẹ́ rẹ̀ falẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ta ni kí wọ́n rán? Aṣòfin àná tó ti di alágbàwí tí wọ́n ń sanwó fún, àbí ọmọ ẹgbẹ́ awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà náà lójoojúmọ́?

Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa, aṣòfin àná mọlé. Ó mọ ìgbà tí ìgbìmọ̀ ìṣúná ń jókòó, ó mọ akọ̀wé tí ìwé ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Àmọ́ ojúlùmọ̀ yìí gan-an ló ń kọ mí lóminú: nígbà tó wà níbẹ̀, ṣé tiwa ló ń rò, àbí ti ẹni tó máa gbà á síṣẹ́ lọ́la? Ìdí nìyí tí òfin Amẹ́ríkà ti ọdún 2007 fi ní kí sẹ́nétọ̀ dúró fún ọdún 2, kí ọmọ ilé aṣojú-ṣòfin dúró fún ọdún 1, kí wọ́n tó lè padà wá bẹ ilé fún ẹlòmíràn. (Wọ́n ṣì lè máa gbani nímọ̀ràn láti ẹ̀yìn o!)

Ọmọ ẹgbẹ́ máa pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ìwé ẹ̀bẹ̀ ló máa fún aṣojú wa kó gbé e síwájú ilé, owó ọkọ̀ nìkan la ó ná. Òun lèmi á rán, kí aṣòfin àná kan ṣáà júwe ọ̀nà fún un láìgba kọ́bọ̀.