Abẹ́rẹ́ kòrónà ní ilé ìtọ́jú àti lẹ́nu ọ̀nà ọjà: ohun tí ojú mi rí nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n gún mi ní abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn kòrónà ní Ìbàdàn: ẹ̀ẹ̀mejì ní ọdún 2021 ní ilé ìtọ́jú alábọ́dé tó wà ládùúgbò wa, ẹ̀ẹ̀kẹta ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022, lábẹ́ agboòrùn ńlá kan lẹ́nu ọ̀nà ọjà. Ìjọba ló ṣètò gbogbo rẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ṣe é fún mi níbi méjèèjì yàtọ̀ síra gan-an.

Ọjọ́ kejì oṣù kẹta ọdún 2021 ni ọkọ̀ òfurufú kó ìpín àkọ́kọ́ dé Àbújá láti ọwọ́ COVAX, ètò àgbáyé tó ń pín abẹ́rẹ́ kòrónà fún àwọn orílẹ̀-èdè. Abẹ́rẹ́ AstraZeneca tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Íńdíà ni, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù mẹ́rin. Lọ́jọ́ kẹfà oṣù náà, Ààrẹ Buhari àti igbákejì rẹ̀, Ọ̀ṣínbàjò, gba tiwọn ní gbangba. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ló kọ́kọ́ kàn, lẹ́yìn náà àwa àgbàlagbà. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, mo sì ti lé ní ọgọ́ta ọdún, nítorí náà ọmọ mi obìnrin bá mi fi orúkọ sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó yan ọjọ́, ó sì yan wákàtí.

Wákàtí yẹn kò wúlò fún ohunkóhun. Aago mẹ́sàn-án ni mo débẹ̀, nọ́ọ̀sì kò tilẹ̀ wo nọ́ńbà tí mo mú lọ. Ó na fọ́ọ̀mù sí mi pé kí n tún gbogbo rẹ̀ kọ, ó wá ní kí n jókòó. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú, ẹ̀yin mẹ́rin péré lẹ wà nílẹ̀, a ò lè ṣí ìgò àfi tí ẹ bá pé mẹ́wàá."

Inú kọ́kọ́ bí mi, àmọ́ nígbà tó ṣàlàyé, mo rí i pé òótọ́ ló ń sọ. Ìgò AstraZeneca kan, èèyàn mẹ́wàá ló wà fún, bí wọ́n bá sì ti ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́, kò gbọdọ̀ ju wákàtí mẹ́fà lọ. Èyí tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn ìyẹn, dídànù ni. Bí wọ́n bá ṣí i fún àwa mẹ́rin, ti èèyàn mẹ́fà ti ṣòfò nìyẹn, bẹ́ẹ̀ èyí tó wọ orílẹ̀-èdè kò tíì tó nǹkan. Nítorí náà la ṣe jókòó, tí à ń ka orí ara wa bí awakọ̀ ṣe ń ka èrò ní gáréèjì. Nígbà tó ku ẹnì kan, ìyá àgbà kan dìde, ó lọ dúró lẹ́nu géètì, ó ń pe àwọn tó ń kọjá. Ọ̀dọ́kùnrin kan dá a lóhùn pé òun kò fẹ́ kí gílóòbù máa tàn lápá òun, àhesọ tó gbòde nígbà náà nìyẹn. Aago méjìlá ku díẹ̀ ká tó pé.

Gígún rẹ̀ gan-an kò tó ìṣẹ́jú kan. Ọwọ́ nọ́ọ̀sì náà fúyẹ́, ó fi ìgò hàn mí kó tó fa oògùn jáde, ó sì dá mi dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó lè rí i pé ara mi gbà á. Òtútù mú mi lálẹ́, orí sì fọ́ mi, ilẹ̀ ọjọ́ kejì sì mọ́ bá mi lálàáfíà. Ní ti iṣẹ́ ọwọ́ wọn, n kò ní ẹ̀sùn kankan. Káàdì ni ẹjọ́ mi. Orúkọ ìyàwó mi, tí mo kọ sí ibi ẹni tí wọ́n lè kàn sí, ni wọ́n kọ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹni tó gba abẹ́rẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo padà lọ kí wọ́n bá mi tún un ṣe, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni wọ́n ní ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe kò sí nílé. Wọ́n tún ṣèlérí pé àtẹ̀jíṣẹ́ yóò wọ fóònù mi nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjìlá bá pé fún ìkejì. Kò sí èyí tó wọlé. Ẹfun ìkọ̀wé ni mo fi kọ ọjọ́ náà sára ògiri ilé ìdáná, òun ni mo sì fi lọ ní oṣù kẹfà.

Láàárín àkókò yẹn, Íńdíà ti dá abẹ́rẹ́ dúró sílé fún àwọn èèyàn tirẹ̀, ìjọba àpapọ̀ sì ní kí ìpínlẹ̀ tó bá ti lo ìdajì tọ́jú ìyókù fún abẹ́rẹ́ kejì. Oṣù kẹjọ ni ọwọ́ tó padà tú, nígbà tí Amẹ́ríkà fi mílíọ̀nù mẹ́rin abẹ́rẹ́ Moderna ta wá lọ́rẹ, tí Johnson & Johnson sì ń wọlé láti ọ̀dọ̀ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Áfíríkà. Nígbà tó di oṣù kọkànlá, wọ́n fẹ ètò náà lójú, wọ́n gbé tábìlì lọ sí ọjà, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti gáréèjì.

Ní ọjà tiwa, nọ́ọ̀sì méjì ni, akọ̀wé kan tó mú fóònù lọ́wọ́, àti kúlà aláwọ̀ búlúù tí yìnyín wà nínú rẹ̀. Wọn kò ní kí ẹnikẹ́ni dúró de ẹnikẹ́ni, torí pé kí ìgò kan tó tán, èèyàn mẹ́wàá mìíràn ti tò. Johnson & Johnson ni ọ̀pọ̀ ìyálọ́jà ń béèrè. Ìyá eléata kan bi nọ́ọ̀sì pé, "Ọmọ mi, ṣé n kò ní padà wá?" Nọ́ọ̀sì ní, "Rárá o, màmá, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni." Ìyá náà fi ọwọ́ òsì di àpò owó rẹ̀ mú, ó na apá ọ̀tún: "Gún un kíá, kí n padà sídìí ata mi."

Wọ́n máa ń sọ pé àhesọ ló lé àwọn èèyàn sá fún abẹ́rẹ́ yìí. Ó lé àwọn kan lóòótọ́, ṣùgbọ́n lójú tèmi, owó ọkọ̀ àti òwò ọjọ́ kan tí èèyàn máa pàdánù ló dá àwọn tó pọ̀ jù dúró. Ìyá eléata yẹn ì bá má dé ilé ìtọ́jú wa láéláé. Ohun tó dùn mí ni pé tábìlì náà pẹ́ kó tó dé ọjà. Lọ́jọ́ 22 oṣù kejìlá ọdún 2021, wọ́n run AstraZeneca 1,066,214 tí ọjọ́ ti kọjá lórí rẹ̀ ní ààtàn Gosa ní Àbújá. Ọjọ́ tó kù lórí wọn ti kéré kí àwọn tó fi wọ́n ta wá lọ́rẹ tó kó wọn wá, mo gbà. Síbẹ̀, ọjà wa nìkan ì bá ti lo díẹ̀ nínú rẹ̀.

Nígbà tó kàn mí láti gba ìkẹta, èyí tí wọ́n ń pè ní àfikún, mo mú ìyàwó mi dání, ẹni tí kò tíì gba ọ̀kan rí. Akọ̀wé tẹ nọ́ńbà rẹ̀, ó wo fóònù, ó wo ojú rẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ ti gba méjì." Mo yọ káàdì mi fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó bi mí ní orúkọ àti ọjọ́ ìbí mi, ó ya orúkọ àwa méjèèjì sọ́tọ̀ lórí fóònù rẹ̀, ó sì kọ káàdì tuntun fún mi kí nọ́ọ̀sì tó gún ẹni tó wà níwájú wa tán. Ìyàwó mi jókòó, ó ká ọwọ́ bùbá rẹ̀ sókè.