Oṣù mẹ́jọ tí mo ti ń fi Lit ṣiṣẹ́ ní Àkúrẹ́

Bọ́tìnnì kan ṣoṣo ni mo kọ lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó wá Lit lọ, irinṣẹ́ tá a fi ń kọ ẹ̀yà ojú-òpó, bíi bọ́tìnnì, lẹ́ẹ̀kan, kó lè ṣiṣẹ́ lórí ojú-òpó oríṣiríṣi. Àwa mẹ́ta péré la wà ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Alágbàká, àmọ́ React la fi kọ ojú-òpó ilé ìwé kan, Vue la fi kọ ti àwọn tó ń ra kòkó, WordPress sì ni ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan; irinṣẹ́ ìkọ ojú-òpó ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọn ò sì jọra. Bí a bá tún nǹkan kan ṣe nínú ọ̀kan, a ó tún un ṣe ní méjì tó kù. Ó sú mi pátápátá.

Àwọn tó ṣe Polymer, irinṣẹ́ tó ṣáájú Lit, ní Google ló ṣe é, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ̀dà kẹta tó jáde lọ́dún 2023 la ń lò. Kò ju nǹkan bíi 5 KB lọ, nítorí pé àwọn aṣàwákiri bíi Chrome àti Safari fúnra wọn ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Èèyàn á sọ ohun tó kọ lórúkọ, orúkọ ọ̀hún gbọ́dọ̀ ní ìlà kékeré láàárín. “akr-botini” ni mo sọ tèmi, ojú-òpó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì gbà á.

Àwọ̀ kò fún wa ní wàhálà. Shadow DOM, ìyẹn bí ògiri tó yí inú ẹ̀yà ká, kì í jẹ́ kí CSS ìta (àwọn ìlà tó ń sọ bí ojú-ìwé ṣe máa rí) wọlé, ṣùgbọ́n CSS variable (iye tá a sọ lórúkọ, bí àwọ̀) máa ń kọjá. Ìlà kan péré ló sọ bọ́tìnnì ilé ìwé di aláwọ̀ ewé, tó sì sọ ti àwọn oníkòkó di aláwọ̀ ilẹ̀.

Fọ́ọ̀mù ni mo ti jìyà. Láàárọ̀ Mọ́ńdè kan, akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù pè mí: “Ọmọ mi, mo tẹ̀ ẹ́ títí, kò lọ o.” Mo ṣí i lórí fóònù mi. Bọ́tìnnì ń yí àwọ̀ bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́, fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó ò kúrò lójú kan. Inú shadow DOM ni bọ́tìnnì wà, ìta ni fọ́ọ̀mù wà, wọn ò mọ ara wọn. Mo bẹ ìyá náà, mo sì jókòó ti iṣẹ́ náà títí ilẹ̀ fi ṣú. Kí bọ́tìnnì àti fọ́ọ̀mù lè mọ ara wọn, mo kọ `static formAssociated = true`, mo pe `attachInternals()`, mo wá ní kí bọ́tìnnì fúnra rẹ̀ pe `requestSubmit()` lórí fọ́ọ̀mù kó lè lọ. Àpótí ìkọ̀wé tiẹ̀ tún nílò `setFormValue()`, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ohun téèyàn kọ sí i kò ní bá fọ́ọ̀mù lọ. Ẹ tètè mú èyí ṣe o! Ẹ sì rántí pé Safari tí kò tó 16.4 kò mọ̀ ọ́n.

Ohun kejì kàn wá gan-an, àwa tá à ń kọ Yorùbá. Lórí bọ́tìnnì “Bẹ́ẹ̀ ni”, àmì ohùn yẹ̀ kúrò lórí ẹ. Àmì méjì tí wọ́n so pọ̀ ni ẹ́, kì í ṣe gbogbo fọ́ńtì ló mọ̀ ọ́n tò. Mo fi `@font-face`, àṣẹ tó ń gbé fọ́ńtì wọlé, fún fọ́ńtì tó dára sínú ẹ̀yà náà, kò ṣiṣẹ́. Ojú-ìwé gangan ló yẹ kó wà. Bọ́tìnnì kì í sì í jogún fọ́ńtì àfi téèyàn bá kọ `font: inherit` fún un. Nígbà tí “Bẹ́ẹ̀ ni” jókòó dáadáa, mo pe àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n wá wò ó.

Bó bá jẹ́ ojú-òpó kan ṣoṣo lẹ ní, tí React sì ni gbogbo rẹ̀, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Àmọ́ ẹni tó ń tọ́jú oríṣiríṣi bíi tiwa, kó gbà á. Ẹ̀yà mọ́kànlá ló ti wà lọ́wọ́ wa, àpótí tá a ti ń mú ọjọ́ lórí kàlẹ́ńdà ló kàn.