Ìdánwò Sísanra ti Project Implicit: Mo Ṣe É Lẹ́ẹ̀mejì

Kí n tètè sọ ọ́: èmi tí mò ń kọ èyí, mo sanra. Kì í ṣe pé mo ní ara díẹ̀, bí àwọn ènìyàn ṣe máa ń fi ọ̀rọ̀ pọ́n mi lé. Mo sanra. Nọ́ọ̀sì sì ni mí, ọdún 19 rèé tí mo ti ń ní kí àwọn ènìyàn gun òṣùwọ̀n. Nígbà tí ẹnìkan níbi iṣẹ́ fi ìdánwò yìí ránṣẹ́ sí mi, èyí tí Project Implicit gbé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì láti fi wọn ẹ̀tanú tí a lè má mọ̀ pé a ní, ẹ̀rín ni mo rín. Kí ni kọ̀ǹpútà fẹ́ kọ́ mi nípa ẹ̀tanú sí ẹni tó sanra? Èmi ni wọ́n ti ń ṣe é sí.

Ọ̀fẹ́ ni, kò sì ju nǹkan bíi ìṣẹ́jú 10 lọ. Wàá fi ìka kan sórí lẹ́tà E, wàá fi òmíràn sórí I. Àwòrán àti ọ̀rọ̀ á máa yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìwọ á sì máa pín wọn sọ́tùn-ún àti sósì. Ní ìpele kan, ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ àti ọ̀rọ̀ rere jọ ń lo lẹ́tà kan, ẹni tó sanra àti ọ̀rọ̀ burúkú jọ ń lo èkejì. Tó bá yá, wọ́n á pààrọ̀ wọn. Bí ìka rẹ ṣe yá tó ní ìpele kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń wọ̀n, ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá ni wọ́n sì fi ń kà á. Ibi tí ìka rẹ bá ti yá jù, ibẹ̀ ni wọ́n gbà pé ọkàn rẹ tẹ̀ sí.

Ìpele àkọ́kọ́ rọrùn bí ẹni ń ka owó. Ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ ni ìka mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣìnà. Ọ̀rọ̀ ayọ̀ yọ, ìka òdì ló lọ, àmì X pupa sì jáde sí mi. Mo rọra ṣe é, mo tún ṣì í. Èsì dé: mo fẹ́ràn ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju ẹni tó sanra lọ, kì í ṣe díẹ̀, kò sì pọ̀ jù, agbede-méjì. Èmi, pẹ̀lú gbogbo ara tí mo gbé jókòó síbẹ̀! Mo pa á dé, mo lọ fọ abọ́. Mo tún padà wá ṣí i.

Àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ọmọ ènìyàn mẹ́ta, Anthony Greenwald, Mahzarin Banaji àti Brian Nosek, ló dá Project Implicit sílẹ̀ ní 1998. Olùwádìí kan, Tessa Charlesworth, àti Banaji yẹ èsì tó lé ní mílíọ̀nù 4 wò, láti 2007 sí 2016. Ẹ̀tanú tí ìka ń fi hàn sí àwọn aláwọ̀ dúdú dín kù láàárín ọdún wọ̀nyẹn. Ti sísanra ni kò dín kù, ṣe ló kọ́kọ́ lọ sókè. Bẹ́ẹ̀, tí wọ́n bá bi àwọn ènìyàn léèrè ní tààrà, ìdáhùn wọn ń dára sí i. Èyí tó dùn mí jù ni ti 2003, tí wọ́n ṣe irú ìdánwò yìí fún àwọn oníṣègùn àti olùwádìí tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ sísanra gan-an niṣẹ́ wọn. Àwọn náà so sísanra mọ́ ọ̀lẹ àti òmùgọ̀.

A gbà pé ẹni tó sanra ló fọwọ́ ara rẹ̀ fà á, ìdí abájọ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ń bá ẹni gíga wí pé ó ga. Ṣùgbọ́n ohun tí a jogún lára òbí ní ọwọ́ ńlá nínú bí ara ṣe ń tóbi, èmi fúnra mi sì ti fún aláìsàn ní prednisolone, oògùn kan tó lè mú ara wú, mo sì rí ojú wọn bó ṣe ń wú.

Àléébù ìdánwò náà kò kéré o. Mo tún un ṣe lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ní ẹ̀tanú mi ti di díẹ̀. Kí ni mo ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ kan? Àwọn tó ṣe é pàápàá kìlọ̀ pé kí á má fi dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Bákan náà, tó bá ti fi èsì lé ọ lọ́wọ́, ó di ọwọ́ ẹ nìyẹn. Ìràwọ̀ 3 nínú 5 ni mo fún un.

Lọ́jọ́ kejì ìdánwò àkọ́kọ́ yẹn, mò ń yẹ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ màmá kan wò. Aṣọ tí a ń wé mọ́ apá kò kárí, mo sì ti ń fà á tipátipá bí mo ṣe máa ń ṣe. 148 ló kà. Èyí tó bá kéré jù fún apá máa ń mú kí nọ́mbà ga ju bó ṣe yẹ lọ. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ilé ẹ̀kọ́. Ènìyàn mélòó ni mo ti kọ ìfúnpá gíga sínú fáìlì wọn, tí mo wo bí ara wọn ṣe tóbi, tí mo sì gbà pé bó ṣe máa rí náà nìyẹn? Mo lọ wá èyí tó tóbi. Ìsàlẹ̀ àpótí ló wà, nínú ọ̀rá tí ẹnikẹ́ni kò tíì ya. Mo tún un wọ̀n, ó di 131.

Màmá ní, "Nọ́ọ̀sì, ṣé torí tèmi nìkan lẹ ṣe lọ wá èyí ni?"

Mo ká apá aṣọ mi sókè. Mo ní, "Ẹ bá mi wé e, mà."