Ẹni ọdún 38 n'Ílọrin fẹ́ yí iṣẹ́ padà: ṣé iṣẹ́ tíṣà ni àbí iṣẹ́ sólà (ríri iná oòrùn mọ́lé)?

Ẹni tó ní dìgírì tí kì í ṣe ti ẹ̀kọ́ olùkọ́ nílò PGDE (díplómà ẹ̀kọ́ olùkọ́ fún ẹni tó ti gba dìgírì), kó tó forúkọ sílẹ̀ ní TRCN, àjọ tó ń forúkọ àwọn olùkọ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ẹni tí kò ní dìgírì yóò lo ọdún 3 fún NCE, ìwé ẹ̀rí olùkọ́. Ó pẹ́ díẹ̀.

Sólà kò béèrè fún dìgírì. Ẹ̀yìn ọ̀gá lẹ ti máa kọ́ ọ. Ìṣirò ló ṣòro níbẹ̀: bátìrì 12V (fóltì 12) mẹ́rin, tí ẹ so pọ́sítíìfù ọ̀kan mọ́ nẹ́gẹ́tíìfù èkejì, á di 48V. Ẹ má so ògbólógbòó mọ́ tuntun, ògbólógbòó á ba tuntun jẹ́. Wáyà tó tín-ín-rín jù máa ń gbóná, ó sì lè jó ilé!

Bí ẹ bá ní ọmọ níléèwé tí ẹ ń náwó lé lórí, sólà la fara mọ́: ẹ kọ́ ọ lópin ọ̀sẹ̀, ẹ má tíì fi iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe báyìí sílẹ̀. Mítà tí ẹ ó fi wọn iná ni kí ẹ kọ́kọ́ rà.