Mo lọ wá búráǹdì mi l'Ọjà Àdìrẹ Ìtòkú, ohun tí mo rí rèé

Ẹ̀yin èèyàn mi tá a jọ ń ya fọ́tò àti fídíò ìgbéyàwó, ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ eléyìí, iṣẹ́ ni ò jẹ́ kí n ráyè. Ọjà Àdìrẹ tó wà ní Ìtòkú l'Abẹ́òkúta ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní kí ló kan oníkámẹ́rà kan ọjà aṣọ, ẹ ṣáà fara balẹ̀ kà á, torí tí mo bá yọ owó lẹ́ǹsì kúrò, owó tí mo ná ní Ìtòkú ló ṣe mí láǹfààní jù látìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí.

Lọ́dún tó kọjá mo sanwó fún dísáínà kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé kó bá mi ṣe búráǹdì: lógò, àwọ̀, fọ́ọ̀ntì (bí lẹ́tà ṣe máa rí), káàdì, gbogbo ẹ̀ pátá. Ó yára ṣe é, ó sì dùn ún wò lóòótọ́. Kámẹ́rà kékeré kan tí òrùka méjì kọ́ sí lára, àwọ̀ góòlù, lẹ́tà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tó ń rọ́ bí ejò. Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo lọ ṣiṣẹ́ níbi ìgbéyàwó kan n'Íbàdàn, mo rí ẹni tó wá ṣe fídíò fún ẹbí ọkọ, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì, lógò tó wà láyà ẹ̀ àti tèmi, ọ̀kan náà ni, orúkọ nìkan ló fi ìyàtọ̀ sí i. Ó dùn mí dọ́kàn. Èyí tó tún dùn mí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni pé orúkọ iléeṣẹ́ mi fi Ọ bẹ̀rẹ̀, fọ́ọ̀ntì tí dísáínà yẹn yàn ò ní àmì ìsàlẹ̀, ó bá kúkú yọ ọ́ kúrò. Mo ní kó jọ̀ọ́ dá a padà, ó ní á ba ẹwà lógò jẹ́. Orúkọ tí bàbá mi sọ mí ni o! Mo gba iṣẹ́ náà, mi ò sì lò ó dòní.

Ẹ̀gbọ́n wa kan tó máa ń bá wa tẹ álíbọ́ọ̀mù ní Mọ́kọ́lá ni mo sọ fún. Ó wò mí, ó ní, "Àbúrò, látàárọ̀ lo ti ń wá àwọ̀ kiri lórí Pinterest, ṣó o ti dé Ìtòkú rí?" Mi ò dé bẹ̀ rí. Mo kàn mọ̀ pé ibẹ̀ làwọn ìyàwó ti ń ra aṣọ fún bridal shower. Ọjọ́ Túsìdeè ni mo wá lọ, torí àwa oníṣẹ́ yìí kì í ní Sátidé tiwa.

Ọjà yẹn gùn. Aṣọ ló so rọ̀ lọ́tùn-ún lósì, kò sí àwọ̀ tẹ́ ẹ ń wá tẹ́ ẹ ò ní rí. Àmọ́ kẹ́ ẹ tètè mọ̀ pé ohun tó pọ̀ jù níbẹ̀ báyìí, kàǹpálà ni, èyí tí wọ́n fi àbẹ́là àti fóòmù tẹ iṣẹ́ sí lára kí wọ́n tó rẹ ẹ́ pẹ̀lú aró òyìnbó. Kò burú rárá, ó máa ń tàn dáadáa nínú fọ́tò. Àdìrẹ oníko náà wà, tí wọ́n fi ìko dì. Àmọ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí wọ́n fi ọwọ́ yà, ẹ gbọ́dọ̀ béèrè ẹ̀ kí wọ́n tó wọlé lọ gbé e wá. Èyí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún ni èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ lókè òkun tí wọ́n wá ń pè ní àdìrẹ. Ẹ yí ẹ̀yìn aṣọ síta, tí iwájú bá dúdú tí ẹ̀yìn sì funfun, ẹ rọra dá a padà síbi tẹ́ ẹ ti mú un, torí aṣọ tí wọ́n bá rì sínú aró, tinú tẹ̀yìn ló máa mu ún.

Àǹtí tí mo ra aṣọ lọ́wọ́ ẹ̀ ló mú mi wọ ẹ̀yìnkùlé lọ bá màmá kan tó ń ya ẹlẹ́kọ. Ẹ̀yin tèmi, mo ti ya ìgbéyàwó tí wọ́n ti ná owó gọbọi sórí ọ̀ṣọ́, mi ò rí ohun tó gbà mí lọ́kàn tó báyẹn. Màmá tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, ó mú ìyẹ́ adìyẹ, ó rì í bọ inú abọ́ ẹ̀kọ láfún, ó nu ún lẹ́ẹ̀kan sí etí abọ́, ó bẹ̀rẹ̀. Kò lo rúlà, kò fi pẹ́ńsù sàmì. Ó ti pín aṣọ náà sí ojú-ojú, á fi ìlà tín-ín-rín kún ojú kan, á bọ́ sí ìkejì, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni ìkejì máa jẹ́. Níbi tí ìlà méjì bá ti pàdé, ẹ̀kọ máa ń kó jọ díẹ̀, á yọ sókè bí hóró ìrẹsì. Ibi tí ẹ̀kọ yẹn bá wà kò ní mu aró, tí wọ́n bá rẹ ẹ́ tán tí wọ́n họ ẹ̀kọ kúrò, ibẹ̀ ló máa mọ́lẹ̀, gbogbo ìyókù á dúdú. Bí fíìmù kámẹ́rà àtijọ́ ṣe ń ṣe gan-an nìyẹn. Mo gbé kámẹ́rà sọ́wọ́, mo sún mọ́ ọn, màmá ò tiẹ̀ gbójú sókè, wọ́n kàn ní, "Ọmọ mi, sún díẹ̀, o ń dí mi nímọ́lẹ̀."

Ìbàdàndùn ni aṣọ tí wọ́n ń yà yẹn. Èmi ọmọ Ìbàdàn, mo ti rí Ìbàdàndùn lára ìyá tó bí màmá mi láìmọye ìgbà, àmọ́ mi ò fara balẹ̀ wò ó rí, ìgbà tí màmá fi ìka tọ́ka sí i ni ojú mi là. Àwọn ohun gígùn tó dúró ṣánṣán nínú ẹ̀ yẹn, òpó Gbọ̀ngàn Mápó ni! Ṣíbí ni wọ́n fi sáàárín wọn. Mápó tí wọ́n ṣí ní 1929, tí èmi fúnra mi ti gbé tọkọtaya lọ dúró níwájú ẹ̀ tí mo ń wá bí òpó yẹn ṣe máa jókòó dáadáa nínú férémù, àwọn obìnrin aláró ti gbé e sára aṣọ tipẹ́tipẹ́ kí wọ́n tó bí mi. Mo padà sílé lálẹ́ ọjọ́ náà, mo gbé fọ́tò Mápó tí mo ti yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ yẹn, tiwọn dáa ju tèmi lọ. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n máa mú àti ohun tí wọ́n máa fi sílẹ̀.

Ọ̀kan tún wà tí wọ́n ń pè ní ọlọ́ba. Ọdún 1935 ni Ọba George Karùn-ún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ọdún 25 lórí ìtẹ́, ni wọ́n bá gé àwòrán òun àti Ayaba Mary sára sínkì, wọ́n ń fi ẹ̀kọ tẹ̀ ẹ́ gba ojú sínkì yẹn sára àdìrẹ. Ẹ bá mi wò ó: ọkọ àti ìyàwó jókòó nínú férémù tó rí bí ẹyin, ní àárín aṣọ gangan, tí iṣẹ́ ọnà lóríṣiríṣi wá yí wọn ká. Ojú ewé àkọ́kọ́ álíbọ́ọ̀mù ìgbéyàwó nìyẹn! Àwa wá ń sanwó ra tẹ́ńpíléètì lọ́wọ́ àwọn tí ò rí ẹni tó da ìbòrùn rí.

Bí mo ṣe wá ṣe tèmi rèé. Mo yà á sínú ìwé: òpó méjì, Ọ wà láàárín wọn, àmì ìsàlẹ̀ ẹ̀ wà níbẹ̀ rìbìtì, mo tiẹ̀ jẹ́ kó tóbi díẹ̀. Ọkùnrin kan wà ládùúgbò yẹn tó ń gé sínkì fún àwọn aláró, ₦15,000 ló gbà lọ́wọ́ mi, ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo sì fi dúró. Màmá fi tẹ yáàdì mẹ́wàá fún mi. Mo ya fọ́tò aṣọ náà lójú òòrùn àárọ̀, mo gbé e wọnú kọ̀ǹpútà, òun ni lógò mi dòní, bí ìlà ẹ̀ ṣe wọ́ díẹ̀ níbi tí ẹ̀kọ ti ṣàn, mi ò tún un ṣe. Àwọn kọ́sítọ́mà ti ń pè mí ní "oní Ọ yẹn". Ìyàwó kan tó ń gbé ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù tó wá ṣègbéyàwó nílé ní Dìsẹ́ńbà sọ fún mi pé nígbà tóun rí páálí álíbọ́ọ̀mù tí mo fi aṣọ yẹn wé lórí Instagram, òun rántí àpótí aṣọ ìyá àgbà òun, ìdí tóun fi pè mí nìyẹn kó tó di pé òun wo fọ́tò kankan.

Ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀ntì níbí, torí ó ń jẹ ọ̀pọ̀ wa níyà. Àwọn fọ́ọ̀ntì kan máa gbé ẹ àti ọ fún yín, ẹ sì máa rò pé ó ti parí, ìdí ni pé èdè Vietnam náà ń lo àmì ìsàlẹ̀ lára e àti o, àwọn tó ṣe fọ́ọ̀ntì sì ti ro tiwọn mọ́ ọn. Àmọ́ àwọn ò ní ṣ. Ẹ máa kọ "Ṣadé" síwájú fídíò, gbogbo lẹ́tà yòókù á jókòó jẹ́ẹ́, Ṣ nìkan á lọ yá ara fọ́ọ̀ntì míì wọ̀. Ẹ́ àti ọ̀ tó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀ tún lágídí ju ìyẹn lọ, torí kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún wọn nínú Unicode, ìyẹn ètò nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀, ṣe ni wọ́n ń to àmì lé ara wọn. Noto Serif àti Gentium gbé gbogbo ẹ̀ fún mi láìsí wàhálà. Kẹ́ ẹ tó sanwó fọ́ọ̀ntì tàbí kẹ́ ẹ tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ dísáínà, ẹ ní kó kọ "Ọ̀ṣun, Ẹ̀bùn, Ṣọlá" kẹ́ ẹ rí i. Ẹni tó san ẹgbẹẹgbẹ̀rún fún wa ò yẹ kó rí orúkọ ara ẹ̀ lábùkù lójú sinimá ìgbéyàwó ẹ̀.

Nínú fídíò, mo ti fi àwọ̀ ọsàn àti búlúù tí gbogbo wa ń dà sórí iṣẹ́ sílẹ̀. Mo mú búlúù aró, mo jẹ́ kó wà níbi òjìji nìkan, mo fi awọ ara èèyàn sílẹ̀ bó ṣe rí. Tí họ́ọ̀lù bá tan iná aláwọ̀ pọ́pù yẹn, ó ṣì máa ń dà mí láàmú, ìyẹn ò tíì tán.

Ẹ̀dùn ọkàn tí mo ní nìyí. Aṣọ àkọ́kọ́ tí mo rà, ẹni tó tà á fún mi búra pé kò ní ṣí. Mo fi wé páálí álíbọ́ọ̀mù ìyàwó kan, omi òjò díẹ̀ ta sí i nínú mọ́tò, aró bá gba inú páálí wọ ara álíbọ́ọ̀mù funfun. Owó ara mi ni mo fi tún un tẹ̀, mo sì bẹ ìyàwó náà gan-an. Látìgbà yẹn, aṣọ yòówù kí n rà, mo máa ń fọ̀ ọ́ títí omi ẹ̀ á fi mọ́, máa wá fi áńkáṣíìfù funfun tó tutù ra á dáadáa kí n tó jẹ́ kó sún mọ́ iṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Èkejì, aró ọ̀sẹ̀ yìí àti tọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kì í jọra. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ogún páálí jọra wọn, ẹ ra gbogbo aṣọ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà látinú ìkòkò kan náà. Ẹ̀kẹta, ẹ má yọ kámẹ́rà sí àwọn màmá lójú láìtọrọ àyè. Ẹ kí wọn, ẹ kúnlẹ̀ tàbí ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ rajà, kẹ́ ẹ tó béèrè. Mo rí ẹnì kan tó kàn ń tẹ kámẹ́rà kiri bí ẹni tó wá wo ẹranko, wọ́n lé e, wọ́n sì ṣe dáadáa.

Tí wọ́n bá ní kí n fún ọjà yìí ní máàkì, 4 nínú 5 ni. Ọ̀kan tí mo yọ, torí aró tó ṣí ni, àti pé ẹni tí ò bá mọ ojú àdìrẹ, wọ́n lè ta ti ẹ̀rọ fún un lówó ti ọwọ́.

Mò ń padà lọ ní Túsìdeè tó ń bọ̀. Màmá ti gbà láti ya ọlọ́ba kan fún mi tí ò ní ọba òyìnbó nínú, tọkọtaya kan tí mo ya nígbà Àjíǹde ló máa jókòó síbẹ̀, mo ti tẹ fọ́tò wọn sórí bébà ńlá kí ọkùnrin onísínkì lè rí ìlà gèlè yẹn dáadáa. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀ lé mi, aago méje àárọ̀ la máa wọkọ̀ ní Apáta, ẹ mú áńkáṣíìfù funfun dání.