Clamp meter DC fún yíyẹ fáànù rédíétọ̀ wò: iṣẹ́ tó ṣe àti ibi tó kù sí

Mítà yìí dáa, mo lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ẹ̀. Ó ní àléébù o, màá sọ ọ́, àmọ́ tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ fáànù rédíétọ̀ ló ń dà yín láàmú, tí ọkọ̀ ń gbóná tẹ́ ẹ bá wà nínú gósìló, tẹ́ ẹ bá wá bọ́ sójú títì tó já geere tẹ́ ẹ ń sáré gééjì ẹ̀ á tún wálẹ̀, irinṣẹ́ tó máa fi ibi tí wàhálà wà hàn yín kẹ́ ẹ tó náwó lórí ohunkóhun nìyí. Clamp meter ni wọ́n ń pè é. Ó ní ẹnu méjì tó ń yà bí ọwọ́ akàn, ẹ ẹ̀ ní gé wáyà, ẹ ẹ̀ ní bó o, ẹ kàn máa fi ẹnu yẹn gbá a mú ni, ó máa sọ iye áńpù, ìyẹn bí iná tó ń ṣàn ṣe pọ̀ tó, tó ń gba inú ẹ̀ kọjá.

Ẹ fara balẹ̀ tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á o, torí ibí yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ra ohun tí ò wúlò fún ọkọ̀. Iná ọkọ̀, DC ni. Ọ̀pọ̀ clamp meter tó wà lọ́jà, AC nìkan ni ẹnu wọn lè kà, ìyẹn iná inú ilé. Ẹ ó rí i tí wọ́n kọ DC gàdàgbà sára páálí ẹ̀, inú yín á dùn, àmọ́ fóòtì DC (agbára tó ń ti iná) ni wọ́n ń sọ, èyí tẹ́ ẹ máa fi wáyà pupa àti dúdú wọ̀n, kì í ṣe áńpù. Ohun tẹ́ ẹ máa wá ni lẹ́tà A tó ní ìlà gbọọrọ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tí ìlà gígé-gígé sì wà lábẹ́ ìlà yẹn, kẹ́ ẹ sì wò ó bóyá ó ní bọ́tìnì ZERO. Èyí tó ń ka áńpù DC, Hall sensor, ìyẹn ohun tó ń mọ agbára òòfà, ló wà lẹ́nu ẹ̀, agbára òòfà tó bá wà nítòsí sì máa ń kó sí i lórí, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi gbọ́dọ̀ tẹ ZERO kẹ́ ẹ tó gbá wáyà mú. Èyí tí mo ní, ó ní in.

Kí ló wá dé tí mo fi ń pariwo áńpù? Mítà lásán tó wà lọ́wọ́ gbogbo èèyàn, fóòtì ló máa sọ fún yín. Ẹ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì fáànù, ẹ fi wọ̀n ọ́n, ó ní 12.4, ẹ ní áà iná ń dé ibẹ̀, fáànù ló ti kú, ẹ lọ ra òmíràn, ẹ gbé e sí i, kò yí. Fóòtì máa ń hàn kódà tó bá jẹ́ fọ́nrán wáyà kan ṣoṣo ló kù tí ò tíì já, torí mítà fúnra ẹ̀ ò fa iná kankan tó ká a lára. Fáànù ní tiẹ̀ ń fa iná gan-an ni, ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré máa ń fa bí i 10 sí 20 áńpù tó bá ti ń yí déédéé, tó bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra ó lè fa ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta iye yẹn fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá, ẹ wò ó, fíùsì ẹ̀ sábà máa ń jẹ́ 30 tàbí 40. Wáyà tó ti jẹrà nínú ò lè gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀.

Tí fóòtì bá wá pé lẹ́nu sọ́kẹ́ẹ̀tì nígbà tó ṣì wà lára fáànù, tí áńpù jẹ́ òdo, ẹ́ńjìnnì kékeré tó ń yí fáànù yẹn ló ti já nínú, búrọ́ọ̀ṣì kábọ́nù ẹ̀ ló sábà máa ń jẹ tán. Tó bá ń yí jẹ́jẹ́ tí áńpù sì ga ju bó ṣe yẹ lọ, bíárìn ẹ̀ ti le tàbí kí nǹkan há a, irú èyí ló máa ń jó fíùsì lójoojúmọ́ tí wọ́n á wá máa fi fíùsì tó tóbi sí i rọ́pò ẹ̀ (ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, wáyà ló máa jóná). Àmọ́ tó bá ń yí jẹ́jẹ́ tí áńpù tún kéré, fáànù ò ṣẹ̀, iná ni ò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ pé.

Ìkẹta yẹn ni mítà yìí ti wú mi lórí jù. Ọkọ̀ kan wà tó ní fáànù méjì, méjèèjì ń yí, gbogbo ẹni tó bá wò ó á ní fáànù ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ti pààrọ̀ tẹmosítáàtì, wọ́n ti fọ rédíétọ̀, gééjì ṣì ń gòkè tí ọkọ̀ bá ti dúró sójú kan. Mo gbá wáyà fáànù àkọ́kọ́ mú, 15 áńpù. Mo gbá ti èkejì, irú kan náà ni o, kò dà bí ẹni pé wọ́n yàtọ̀ síra rárá, 9 péré. Mo wá mú wáyà pupa àti dúdú, mo fi wọ̀n fóòtì tó ń ṣòfò láti orí bátìrì dé ẹnu fáànù nígbà tó ń yí lọ́wọ́, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ó ń yí o, torí tí kò bá fa iná kò sí ohun tẹ́ ẹ máa rí. Lápá ẹ́ẹ̀tì tó lọ sára bọ́dì ọkọ̀, kò tó 0.2 fóòtì, ìyẹn dáa. Lápá iná, ó ju 3 lọ. Kò yẹ kó ju bí ìlàjì fóòtì lọ rárá. Mo ń tẹ̀lé e bọ̀ láti bátìrì, mo kọjá fíùsì kò sí nǹkan, mo kọjá rílé (súìṣì tó ń gbé iná fún fáànù) kò sí nǹkan, ìgbà tí mo dé sọ́kẹ́ẹ̀tì fáànù gangan ni fóòtì já lulẹ̀, a sì ṣí i, rọ́bà inú ẹ̀ ti yọ́, irin ẹ̀ ti dúdú. Sọ́kẹ́ẹ̀tì nìkan la pààrọ̀. Áńpù fáànù yẹn bá ti ẹnìkejì ẹ̀ dọ́gba, gééjì sì jókòó sí àárín.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà lẹ nílò ẹ̀ ṣá. Kí n tó mú u jáde mo kọ́kọ́ máa ń tan ẹ́sì, torí nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ẹ́sì nìkan ti tó láti mú fáànù yí. Tó bá yí pẹ̀lú ẹ́sì tí kò wá yí tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, ẹ kọjú sí sẹ́ńsọ̀ tó ń ka bí omi ṣe gbóná tó, àmọ́ ẹ dúró dè é dáadáa, torí ọ̀pọ̀ fáànù ò ní yí títí omi á fi dé bí 95 sí 105°C. Mítà yìí ń ka ọ́ọ̀mù náà, ìyẹn bí nǹkan ṣe ń dènà iná tó, sẹ́ńsọ̀ inú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ máa ń wà ní bí 2,000 sí 3,000 ọ́ọ̀mù tí omi bá wà ní 20°C, tó bá fi máa dé bí 90 ó ti já wá sí bí 200 sí 300. Èyí tí kò bá mì bí omi ṣe ń gbóná, ó ti lọ nìyẹn. Rílé ò le, láàrin ẹsẹ̀ ẹ̀ tí wọ́n kọ nọ́ńbà 85 àti 86 sí ẹ ó rí bí 50 sí 120 ọ́ọ̀mù, tí òmíràn tó ní nọ́ńbà kan náà bá sì wà nínú àpótí fíùsì, bí i ti họ́ọ̀nù, ẹ fi pààrọ̀ ẹ̀ wò kíá.

Àléébù ẹ̀ wàyí. Ẹnu ẹ̀ nípọn jù, nínú àpótí fíùsì tí wáyà ti há mọ́ra ò rọrùn láti kì í bọ̀ ọ́, ẹ ó máa fi ìka ya wáyà sọ́tọ̀ ni, bẹ́ẹ̀ wáyà kan ṣoṣo lẹ gbọ́dọ̀ gbá mú, tẹ́ ẹ bá gbá ti iná àti ti ẹ́ẹ̀tì pọ̀, òdo ló máa kà torí wọ́n ń pa ara wọn. ZERO ẹ̀ náà máa ń sún, tẹ́ ẹ bá gbé e kúrò níbì kan lọ síbòmíì ẹ tún un tẹ̀. Wáyà pupa àti dúdú tó bá a wá kúrú, kò lè ti orí bátìrì dé ìsàlẹ̀ rédíétọ̀, mo ní láti wá èyí tó gùn kún un. Kò tún ní bọ́tìnì INRUSH, torí náà iná ńlá tí fáànù ń fà tó bá ń gbéra, kò lè gbá a mú, èyí dùn mí díẹ̀ torí ibẹ̀ lèèyàn ti lè tètè mọ bíárìn tó ń le bọ̀.

Fún àwọn ọkọ̀ tuntun tí brain box (kọ̀ǹpútà ọkọ̀) ń darí fáànù wọn díẹ̀díẹ̀, tó jẹ́ wáyà mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló wọ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì, mítà yìí á sọ fún yín bóyá iná ń wọlé, àmọ́ àṣẹ tí brain box ń fi ránṣẹ́ kò lè kà á, scanner, ẹ̀rọ tó ń bá brain box sọ̀rọ̀, lẹ nílò níbẹ̀, ẹ má sì fi wáyà so irú fáànù bẹ́ẹ̀ mọ́ bátìrì ní tààràtà láìmọ èwo ni èwo. Rìwáyà tó ń ṣe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, kó fi owó kún owó kó ra èyí tó ní INRUSH àti ẹnu tó tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹni tó ní ọkọ̀ tiẹ̀ tó kàn fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe é, eléyìí tó o, kó ṣáà yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì fáànù kó tó ki ọwọ́ bọ ibẹ̀, torí fáànù àwọn ọkọ̀ kan lè dédé yí bẹ́ ẹ bá tiẹ̀ ti pa ẹ́ńjìnnì.